Ìṣirò Alẹ́ Ọjọ́ Àìkú

Ìkùukùu ti gun òkè wa dé ẹnu ilẹ̀kùn.
Lima wà nísàlẹ̀, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú
bí ẹni tí oorun ń kùn.
Mo da owó ẹyọ sórí tábìlì,
mo kà á, mo tún un kà,
bí ẹni pé kíkà máa ń mú owó bímọ.
Sóólì méjìdínlógún.
Ọjọ́ méje ni ọ̀sẹ̀ ní,
kì í dín in kù fún tálákà.

Yadira, o ti sùn,
o ṣì di ṣíbí oníke rẹ mú
bí ọlọ́pàá ṣe ń di kóńdó mú.
Lọ́jọ́ Ẹtì ni nọ́ọ̀sì gún ọ níka,
ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan péré.
Ó wo ẹ̀rọ, ó wò mí.
"Ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí kò tó, Nélida."
Kò pariwo.
Láti ìgbà náà ni etí mi ti ń hó.

Mo ya ewé kan lára kàlẹ́ńdà èṣí,
mo fi bírò fa ìlà sẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé: ẹ̀jẹ̀ adìyẹ.
Dídà ni Zoraida aládìyẹ ń dà á nù tẹ́lẹ̀.
Gbàrà tí àwọn ìyá òkè gbọ́ pé oògùn ni,
ó di sóólì kan fún ike kan.
Màá bọ̀ ọ́, màá fi àlùbọ́sà dín in,
màá rún un mọ́ ànàmọ́
títí yóò fi dúdú bí ilẹ̀ oko bàbá mi
ní Ayacucho, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀.
Ààbọ̀ ọsàn ni yóò tẹ̀ lé e;
nọ́ọ̀sì ní ọsàn ló ń ṣílẹ̀kùn ara fún irin inú oúnjẹ,
tíì ló ń tì í.
Mo fagi lé tíì.
Ó dùn mí. Kò sí ohun tó fi owó kékeré
tan ebi jẹ tó o.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: lẹ́ńtì àti ìrẹsì.
Ọjọ́rú: ẹ̀dọ̀, àádọ́ta gíráàmù,
bí alápatà bá lè gé e kéré tó bẹ́ẹ̀
kó má fi mí rẹ́rìn-ín.
Ọjọ́bọ̀: lẹ́ńtì ọjọ́ Ìṣẹ́gun,
tí mo fi elégédé wọ̀ láṣọ tuntun.
Ẹja wẹ́wẹ́. Ẹyin kan.
Ọjọ́ Àìkú, mo kọ àmì ìbéèrè sí i,
mo pa iná.

Ilẹ̀ mọ́. Mo gbé àwo rẹ síwájú rẹ.
O wò ó bí adájọ́ ṣe ń wo ẹlẹ́rìí èké.
Ṣíbí àkọ́kọ́, o tu ú sí mi láyà.
Ṣíbí kejì, o gbé e fún ajá Eleodoro.
Ajá kò kọ̀;
ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ yóò tó.
Mo sọ ṣíbí di bálùú, mo sọ ọ́ di bọ́ọ̀sì,
o pa ẹnu dé gbọin
bí ọ́fíìsì ìjọba ní aago mẹ́rin.

Ó rẹ̀ mí. Mo jókòó sílẹ̀.
Mo fi ìka nu ìdí ìkòkò, mo fi lá,
ohun àkọ́kọ́ tó kan ahọ́n mi láti àná.
Ìgbà náà lo dìde.
O gun itan mi, o la ẹnu gbàgà bí ọmọ ẹyẹ:
"Tèmi! Tèmi!"
Ohun kan náà tí o tu dànù nínú àwo rẹ,
o ń fà á lẹ́nu ìka mi.
Mo lá díẹ̀, o lá díẹ̀.
Bí mo bá dúró, ìwọ náà á dúró,
o ó máa wò mí lẹ́nu.

Lálẹ́, mo tún mú ewé kàlẹ́ńdà jáde.
Ọjọ́ méje. Ẹnu kan.
Mo fagi lé "kan",
mo kọ "méjì" sí i, kékeré,
bí ẹni ń jí nǹkan gbé.
Owó tó ṣẹ́kù kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.
Bóyá kí n fi omi kún lẹ́ńtì.
Bóyá kí n bá Zoraida sọ̀rọ̀ àwìn.
Ìṣirò náà kò tíì jọra,
ṣùgbọ́n ìkòkò mọ́ tónítóní lẹ́bàá ògiri,
ìka mi sì ń rùn àlùbọ́sà.